Díráìfù wo ni kó kọ́kọ́ kún? Ìdáhùn fún ẹni tí sáfà ilé rẹ̀ ń sọ pé àyè ti tán

Ìbéèrè: “Díráìfù mẹ́rin ló wà nínú sáfà mi nílé: 4 TB méjì tó ti pẹ́, 8 TB kan, àti 12 TB tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. mergerfs ni mo fi so wọ́n pọ̀, SnapRAID ló ń ṣọ́ wọn, pẹ̀lú 12 TB mìíràn fún parity (ìṣirò tí a fi ń gba dátà padà bí díráìfù kan bá kú). Àpapọ̀ náà ń fi hàn pé 17 TB ṣì ṣófo, síbẹ̀ bí mo bá fẹ́ kó fíìmù sí i, yóò ní àyè ti tán. Nígbà tí mo wò ó, 4 TB àkọ́kọ́ ti kún dé ẹnu, 12 TB kò sì tíì gba nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe lè pàṣẹ pé kí tuntun yìí kọ́kọ́ máa kún, kí àwọn tó ti gbó sinmi, kí àwọn fíìmù alápá-púpọ̀ mi má sì fọ́n káàkiri?”

Ohun mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú ìbéèrè yìí. Èkíní ni àyè tó ní òun ti tán nígbà tí 17 TB ṣì ṣófo. Èkejì ni díráìfù tí ẹ fẹ́ kó ṣáájú. Ẹ̀kẹta ni pé ẹ fẹ́ kí apá gbogbo fíìmù kan jókòó síbì kan. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn kì í fi gbogbo ara gba ti ara wọn, òun ló sì bí ti àkọ́kọ́: ètò tí ẹ ń lò báyìí fi kíkó nǹkan pọ̀ síbì kan ṣáájú ohun gbogbo, ẹ kò sì mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nìyẹn. Kò sí díráìfù tó bàjẹ́. Ẹ má ṣe yọ èyí tó kún, ẹ má sì ṣe máa pa fáìlì rẹ́ lórí rẹ̀ nítorí àyè. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n ka àpapọ̀ náà sí díráìfù ńlá kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. mergerfs kì í po díráìfù pọ̀. Ó kàn ń to orúkọ gbogbo fáìlì tó wà lórí wọn sójú kan náà ni. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣì wà lódindi lórí díráìfù kan ṣoṣo, débi pé bí ẹ bá yọ díráìfù náà tí ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ó bá a níbẹ̀. 17 TB tí ẹ rí yẹn, àròpọ̀ lásán ni. Nígbà tí fáìlì tuntun bá fẹ́ wọlé, mergerfs gbọ́dọ̀ yan díráìfù kan fún un, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń yàn, ìyẹn lásìkò tí wọ́n dá fáìlì náà gan-an. Lásìkò yẹn, kò tíì mọ bí fáìlì náà yóò ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní ṣí i nípò mọ́, àfi nínú ọ̀ràn kan ṣoṣo tí ẹ ó rí nísàlẹ̀. Nítorí náà, ìlànà yòówù tí ẹ bá yí padà lónìí, kò kan fáìlì àná. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìlànà, tí ẹ bá gbé fáìlì láti fódà kan sí òmíràn nínú àpapọ̀, ó máa ń parí ní ìṣẹ́jú àáyá: orúkọ ló yí padà, díráìfù kò yí.

Ẹ wo ìlà mergerfs nínú /etc/fstab yín, fáìlì tó ń sọ fún sáfà bí yóò ṣe so àwọn díráìfù mọ́ra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ẹ ó rí category.create=epmfs níbẹ̀, tàbí kí ẹ má rí nǹkan kan rárá, nítorí epmfs yìí ni àwọn ẹ̀dà mergerfs àtijọ́ ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún bí èèyàn kò bá sọ ohunkóhun. mfs inú rẹ̀ ní kó yan díráìfù tí àyè rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ep tó ṣáájú ló ni ọ̀rọ̀: ó ní kó kọ́kọ́ wo àwọn díráìfù tí fódà náà ti wà lórí wọn tẹ́lẹ̀, kó sì yan nínú àwọn yẹn nìkan. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn 4 TB ní disk1 àti disk2, 8 TB ní disk3, 12 TB tuntun ní disk4. Bí fódà Fiimu bá wà lórí disk1 nìkan, disk1 nìkan ló ń wò. Kódà kí ẹ ra ogún díráìfù tuntun, kò rí wọn. Ọjọ́ tí àyè disk1 bá sì wálẹ̀ kọjá ìwọ̀n minfreespace (àyè tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù kí díráìfù tó lè gba fáìlì tuntun), tó jẹ́ 4 GB bí ẹ kò bá yí i padà, kò ní lọ wá ibòmíràn; yóò kàn sọ pé àyè ti tán. Ẹ tẹ ls -d /mnt/disk*/Fiimu kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Bí ìlà kan ṣoṣo bá jáde, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Àtúnṣe kíákíá ni pé kí ẹ dá fódà náà sílẹ̀ lórí díráìfù tuntun fúnra yín, mkdir /mnt/disk4/Fiimu, kí ẹ fún un ní olúwa àti àṣẹ ìráàyè kan náà bíi ti disk1. Ojú ẹsẹ̀ ni fíìmù tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lọ. Àmọ́ àrùn náà kò tíì lọ, ó kàn sá wọ inú fódà kejì ni. Fíìmù alápá-púpọ̀ tó ti ní fódà tirẹ̀ lórí disk1 yóò ṣì máa fẹ́ kó apá tuntun sí disk1, nítorí fódà tirẹ̀ kò sí lórí disk4. Ibí yìí ni èèyàn ti máa ń sọ pé “ó ṣiṣẹ́ lánàá, kò ṣiṣẹ́ lónìí”. Ó ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá wo ìlànà mìíràn tí ẹ lè lò, ká sì wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná yín. mfs láìsí ep yóò máa kó gbogbo fáìlì tuntun sí díráìfù tí àyè rẹ̀ pọ̀ jù. Fún yín, 12 TB ni yóò kọ́kọ́ gbà á, ohun tí ẹ ń wá sì ni, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni: tí àyè rẹ̀ bá ti wálẹ̀ dé ìwọ̀n tó ṣẹ́ kù lórí 8 TB, àwọn méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní àgbàpadà, fáìlì kan sí ọ̀hún, fáìlì kan síhìn-ín. Àwo orin kan tó ní orin méjìlá lè pín sí méjì láàárín ìṣẹ́jú kan. Díráìfù kan kú lọ́jọ́ kan, gbogbo àwo yóò sì fara pa díẹ̀díẹ̀ dípò kí àwo díẹ̀ lọ pátápátá. pfrd tí ẹ̀dà tuntun mergerfs ń lò bí ẹ kò bá yan nǹkan kan ń ṣẹ́ kèké, ó sì ń fún díráìfù tí àyè rẹ̀ pọ̀ ní àǹfààní tó pọ̀ jù. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ pín kárí, kò sì dára fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí nǹkan òun wà. lfs ń wá díráìfù tí àyè rẹ̀ kéré jù tó ṣì kọjá minfreespace, kó lè kún un tán kó tó bọ́ sí òmíràn. Bí ẹ bá yan èyí, àwọn 4 TB tó ti gbó gan-an ni yóò máa ṣiṣẹ́, òdìkejì ohun tí ẹ ń béèrè.

Ó wá ku méjì tó bá ọ̀rọ̀ yín mu. ff ni àkọ́kọ́: ó ń wo ìtòlẹ́sẹẹsẹ díráìfù bí ẹ ṣe kọ wọ́n, ó mú èyí tó wà níwájú tí àyè rẹ̀ ṣì kọjá minfreespace, ó parí. Bí fódà kò bá sí níbẹ̀, yóò dá a fúnra rẹ̀, yóò sì mú olúwa àti àṣẹ fódà náà láti ibi tó ti wà. Èkejì ni mspmfs. Ó máa ń fẹ́ kí nǹkan wà pọ̀ bíi ti ep, ṣùgbọ́n bí díráìfù tó ní fódà náà kò bá láyè, kì í kú síbẹ̀. Yóò gòkè lọ sí fódà tó bí i, yóò sì tún wá, títí yóò fi dé òkè pátápátá. Ẹni tí kíkó apá fíìmù pọ̀ ká lára ju ìtòlẹ́sẹẹsẹ lọ, kó lọ mú mspmfs. Pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan yìí nìkan ti tó láti mú ìdààmú yín kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin sọ pé ẹ fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣáájú, torí náà ff ni mo fọwọ́ sí fún yín. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé èèyàn lè ka ìlà kan ṣoṣo kó sì sọ ibi tí fáìlì tó ń bọ̀ yóò bọ́ sí láìṣi.

Ìlà náà yóò rí báyìí: /mnt/disk4:/mnt/disk3:/mnt/disk1=NC:/mnt/disk2=NC /mnt/gbogbo fuse.mergerfs category.create=ff,minfreespace=100G,moveonenospc=true,cache.files=off 0 0. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo kọ orúkọ díráìfù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ń kọ /mnt/disk*, kò sì burú pẹ̀lú mfs, ṣùgbọ́n àmì ìràwọ̀ yẹn ń tò wọ́n bíi lẹ́tà ni, kì í ka nọ́ńbà, nítorí náà disk10 yóò ṣáájú disk2. Lábẹ́ ff, ìyẹn yóò dojú ètò yín bolẹ̀. NC tó wà lára disk1 àti disk2 túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ sí fáìlì tuntun tí wọ́n máa dá sórí wọn mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè kà wọ́n, ẹ lè ṣàtúnṣe sí ohun tó wà níbẹ̀, ẹ sì lè pa á rẹ́. RO le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kò gba àtúnṣe, kò gba ìparẹ́ nípasẹ̀ àpapọ̀. Fún díráìfù tí ẹ fẹ́ kó sinmi, NC tó. Ẹ má gbàgbé pé fáìlì tó ti wà lórí rẹ̀ tó sì ń dàgbà, bí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, yóò ṣì máa dàgbà níbẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ọ́ sínú fstab, ẹ lè dán ìlànà náà wò lójú ẹsẹ̀ láìtú àpapọ̀ náà: setfattr -n user.mergerfs.category.create -v ff /mnt/gbogbo/.mergerfs. Ẹ dá fáìlì kékeré kan sínú Fiimu, kí ẹ wá bi í níbi tó wà: getfattr -n user.mergerfs.fullpath /mnt/gbogbo/Fiimu/idanwo. Ìdáhùn tí yóò fún yín ni ọ̀nà tòótọ́, díráìfù àti gbogbo ẹ̀. Ìlànà tí ẹ bá fi setfattr yí padà yóò lọ tí ẹ bá tan sáfà pa, nítorí náà fstab ló ni òpin ọ̀rọ̀.

minfreespace ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù lọ, nítorí òun ni wọ́n máa ń fojú fò. Mo ti sọ pé mergerfs kò mọ ìwọ̀n fáìlì lásìkò tó ń yàn. Ká ní àyè 5 GB ló kù lórí disk4, tí minfreespace sì jẹ́ 4 GB. Fíìmù 60 GB dé. 5 ju 4 lọ, ó gbà á wọlé, ó sì kọ ọ́ títí 5 GB fi tán. moveonenospc ló máa ń gbani níbẹ̀: nígbà tí kíkọ bá kùnà nítorí àyè, yóò gbé fáìlì náà lọ sí díráìfù mìíràn, yóò sì máa bá kíkọ lọ. Ó dára kó wà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi gbogbo ara lé e, torí ètò tó ń kọ fáìlì náà yóò dúró gbọnin títí ẹ̀dà yẹn fi parí, àwọn ètò mìíràn a sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Òfin tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí minfreespace ju fáìlì tó tóbi jù lọ tí ẹ máa ń kọ, kí ẹ sì fi iye fáìlì tó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí mẹ́rin bá bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀, àyè kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí, kò sí èyí tó mọ̀ pé èkejì ń bọ̀. 100 GB ni mo kọ fún yín. Bí àwọn fíìmù yín bá tó 60 GB lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ di 250. Ẹ sì lè fún díráìfù kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, báyìí: /mnt/disk4=RW,250G (RW ni pé ó gba kíkà àti kíkọ).

Nǹkan mìíràn tó máa ń da ìṣirò rú ni ext4, ọ̀nà kan tí Linux ń gbà to fáìlì sórí díráìfù. Bí wọ́n bá fi ext4 ṣètò díráìfù láìsọ ohunkóhun, ó máa ń ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún root, ọ̀gá àkóso ẹ̀rọ. Lórí 4 TB, ìyẹn jẹ́ 200 GB. Lórí 12 TB, 600 GB. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ lórí díráìfù tí ètò ìṣiṣẹ́ wà, kí kọ̀ǹpútà má bàa kú nígbà tí àyè bá tán, ṣùgbọ́n lórí díráìfù fíìmù, àdánù ni. tune2fs -m 1 /dev/sdb1 yóò sọ ọ́ di ìdá kan, ẹ kò ní láti tú díráìfù náà kí ẹ tó ṣe é. Ẹ ó rí nǹkan bíi 160 GB gbà padà lórí 4 TB kọ̀ọ̀kan. XFS, ọ̀nà ìtòfáìlì mìíràn, kò ní irú àyè àyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó kan àwọn fíìmù tó ti wà lórí disk1. ff yóò kó apá tuntun sí disk4, apá àtijọ́ yóò sì wà ní disk1. Nínú àpapọ̀, fódà kan ṣoṣo ni ẹ ó rí, ẹni tó ń wò ó kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí díráìfù, ó ti pín nìyẹn. Bí ìyẹn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé kìkì àwọn tó ṣì ń jáde lọ́wọ́ lọ sí disk4, ẹ fi àwọn tó ti parí sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Láti díráìfù sí díráìfù ni kí ẹ ti gbé e: rsync -aHAX /mnt/disk1/Fiimu/Orukọ/ /mnt/disk4/Fiimu/Orukọ/. Ẹ má ṣe fi /mnt/gbogbo ṣe apá kan kí ẹ fi /mnt/disk ṣe apá kejì nínú àṣẹ kan náà láéláé, nítorí fáìlì kan náà lè wà ní ìdí méjèèjì, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ fáìlì di òfo. Lẹ́yìn tó bá parí, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú -c, -n àti -i. Bí kò bá dárúkọ fáìlì kankan, ẹ̀dà náà pé. Ẹ wá ṣe snapraid sync, àṣẹ tó ń mú parity bá ohun tó wà lórí díráìfù mu, kí ẹ tó pa ti disk1 rẹ́, kí ẹ sì tún ṣe òmíràn lẹ́yìn tí ẹ bá pa á rẹ́ tán. Ìdí rẹ̀ ni pé fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ ṣì jẹ́ apá kan ìṣirò parity títí di sync tó ń bọ̀. Bí díráìfù mìíràn bá kú láàárín àkókò náà, apá kan nínú tirẹ̀ lè má ṣeé gbà padà. Ẹ fọkàn sí àkókò tó máa gbà: 3 TB lórí eré 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ wákàtí márùn-ún ààbọ̀, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì bí díráìfù tuntun náà bá jẹ́ irú SMR, èyí tó ń kọ dátà lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn bíi páànù òrùlé.

Nítorí parity yín náà jẹ́ 12 TB, àyè tí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí disk4 tún ní iṣẹ́ mìíràn. SnapRAID ń fi ègé 256 KiB ka fáìlì, fáìlì kékeré tó bá wà nínú ègé kan yóò gba odindi rẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, ìdajì ègé ló ń ṣòfò lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Fíìmù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù kan fọ́tò kéékèèké yóò jẹ́ kí parity gùn ju dátà lọ pẹ̀lú nǹkan bíi 122 GiB. Tí disk4 bá kún dé ẹnu, parity lè máà tó. Nítorí náà, fọ́tò yín ẹ kó sí 8 TB. Kò sí ìlànà mergerfs kankan tó ń wo irú fáìlì tàbí ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kò lè ní “fọ́tò lọ sápá kan, fíìmù lọ sápá kejì” nínú ìlà kan. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ sọ fún ètò tó ń kó fọ́tò yín pé /mnt/disk3/Foto ni kó máa kọ sí tààrà. Yóò ṣì hàn nínú /mnt/gbogbo.

Ewu kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà rẹ̀ kí ẹ tó fi ff sílẹ̀ láìwò. Bí disk4 kò bá dìde lọ́jọ́ kan tí sáfà tún bẹ̀rẹ̀, /mnt/disk4 yóò ṣì wà gẹ́gẹ́ bíi fódà òfìfo lórí díráìfù tí ètò ìṣiṣẹ́ wà. mergerfs kò mọ ìyàtọ̀. Òun ló sì ṣáájú nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ, nítorí náà gbogbo fáìlì tuntun yóò máa rọ́ lọ síbẹ̀ títí díráìfù ètò ìṣiṣẹ́ yóò fi kù díẹ̀ kó kún. Ẹ tú disk4 ní ìgbà tí nǹkan rọlẹ̀, ẹ tẹ chattr +i /mnt/disk4 sórí fódà òfìfo náà, kí ẹ wá so ó padà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè kọ ohunkóhun síbẹ̀ àfi tí díráìfù gidi bá wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹni tó ń lo Unraid, ètò mìíràn fún sáfà ilé, yóò rí irú yíyàn yìí lábẹ́ orúkọ mìíràn. Fill-up jọ ff. High-water ń mú ìdajì díráìfù tó tóbi jù gẹ́gẹ́ bí àmì: pẹ̀lú 12 TB, àmì náà jẹ́ 6 TB, nítorí náà yóò fo àwọn 4 TB dá pátápátá ní ìpele àkọ́kọ́, wọn kò sì bàjẹ́. Níbẹ̀, Split level ló ń ṣe iṣẹ́ ep, òun ló sì ń borí, ìdààmú kan náà ló sì máa ń bí. Ní ti ZFS, tó ń po díráìfù pọ̀ di ọ̀kan ní tòótọ́, ẹ kò lè pàṣẹ rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi dátà púpọ̀ sí ibi tó ṣófo jù, kì í sì gbé ti àtijọ́ nígbà tí ẹ bá fi ẹgbẹ́ díráìfù tuntun kún un.

Ṣé ó dára kí díráìfù kan kọ́kọ́ kún? Ní ti iná àti ariwo, bẹ́ẹ̀ ni: disk1 àti disk2 lè sùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí bí kò bá sẹ́ni tó ń ka ohun tó wà lórí wọn. Ní ti eré, rárá: gbogbo ohun tuntun, tó sábà máa ń jẹ́ ohun tí gbogbo ilé fẹ́ wò lọ́wọ́, wà lórí díráìfù kan, eré rẹ̀ sì ń dín kù bó ṣe ń kún lọ sí apá inú. Ní ti ewu, díráìfù tuntun tó ní àbùkù láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi hàn ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀yin sì fẹ́ kó gbogbo ohun tuntun lé e. SnapRAID kò mọ ohun tí ẹ kọ lẹ́yìn sync tó gbẹ̀yìn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí sync máa ṣẹlẹ̀ lóròòru, kí ẹ fi smartctl -t long yẹ disk4 wò kí ẹ tó kó nǹkan sí i. Lọ́jọ́ tí àyè rẹ̀ bá wálẹ̀ dé ìwọ̀n tí ẹ kọ sí minfreespace, disk3 yóò gbà á lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. df -h /mnt/disk* ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ra òmíràn, iwájú disk4 ni kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí.